Ìlù Tí Káfíńtà Ṣe fún Ọmọ Rẹ̀: Ìgbésí Ayé I. K. Dáíró

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí iṣẹ́ tàbí òwò gbé dé ìdálẹ̀, ni ọmọ wọn ti bẹ̀ rí pé kí wọ́n ra gìtá fún òun. Ọmọ náà ti rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n, ó sì ti rí i lórí tẹlifóònù àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ó ti rí ní Kpata ní Lọ́kọ́jà, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Kánò, ní Kàdúná àti ní Jọ́ọ̀sì. Ohun tó ń dààmú òbí ni pé kò mọ èyí tí ì bá rà. Ṣé èyí tó tóbi ni, kí ọmọ lè máa lò ó títí yóò fi dàgbà? Ṣé olówó gọbọi ni, tàbí èyí tí kò wọ́n, nítorí pé ìfẹ́ ọmọdé lè má pẹ́ kí ó tó tán? Ṣé ó tilẹ̀ tọ́ kí ènìyàn ra gìtá nígbà tí owó ilé ìwé kò tíì pé?

Ìtàn ọkùnrin kan lè ràn wá lọ́wọ́ láti rí ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Ọkùnrin náà ni Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí I. K. Dáíró, tó sì ti di olóògbé láti ọdún 1996. Àwọn àgbà tó wà láàrin wa kò ní í gbàgbé orin Salome, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní í gbàgbé ohùn àkọ́díọ́nì, ìyẹn dùùrù aláfẹ́fẹ́ tí a ń fà tí a sì ń pa dé, tí Dáíró mú wọ inú orin jùjú. Òkìkí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí mọ́ ni ohun èlò orin àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, àti bí ó ti bá a rìn jìnnà tó.

Ọmọ àlejò ní ìlú Ọ̀fà

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwọn òbí Dáíró, ṣùgbọ́n ìlú Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1930. Bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, ìbejì ni. Ohun tó gbé ẹbí rẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò yàtọ̀ sí ohun tó gbé ọ̀pọ̀ nínú wa kúrò nílé: oúnjẹ òòjọ́ ni. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó sì ń bá ṣiṣẹ́. Ọ̀fà wà lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ti Èkó wá, tó gba Ìbàdàn àti Òṣogbo kọjá, tó sì forí lé Ìlọrin àti Jẹ́bà kí ó tó ré odò Ọya kọjá lọ sí òkè. Ibi gbogbo tí ojú irin bá dé ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń tẹ̀ lé e dé, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn.

Yorùbá ni àwọn ará Ọ̀fà, Yorùbá sì ni àwọn Ìjẹ̀ṣà. Síbẹ̀, ní ayé ìgbà náà, àlejò ni ẹni tó bá ti ìlú kan lọ tẹ̀dó sí òmíràn. Ohùn Ìjẹ̀ṣà yàtọ̀ sí ohùn Ìbọ̀lọ́ tí àwọn ará Ọ̀fà ń sọ. Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti pín wọn níyà: abẹ́ Ìlọrin ni Ọ̀fà wà, Ìlọrin sì wà lára ilẹ̀ Àríwá, nígbà tí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wà ní ìhà Gúúsù. Nígbà tí ìjọba dá àwọn ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1967, Ọ̀fà àti Lọ́kọ́jà jọ bọ́ sí ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tí a wá mọ̀ sí Kwara. Wọ́n jọ wà níbẹ̀ títí di ọdún 1991 tí a dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, tí Lọ́kọ́jà sì di olú ìlú rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, òbí tó ń tọ́ ọmọ ní Kpata lónìí kò jìnnà sí bàbá Dáíró tó bí a ti lè rò.

Ìlù ọmọ ọdún méje

Nígbà tí Kẹ́hìndé di ọmọ ọdún méje, bàbá rẹ̀ ṣe ìlù kan fún un. Kò rà á ní ọjà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ṣe é. Káfíńtà ni, igi kò sì ṣàjèjì sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ káfíńtà mọ̀ pé ìwọ̀n ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. A kì í gé ìlẹ̀kùn láìwọn ẹnu ọ̀nà, a kì í sì í kan àga ọmọdé bí ẹni kan àga àgbà. Ọmọ tí ìlù wà fún wà nínú ilé, ojú bàbá ni ó ti ń dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì pamọ́ fún un. Àǹfààní tí ọmọ yìí ní nìyẹn, tí ọmọ tí a ra ohun èlò fún láti ọjà kì í sábà ní, àfi bí òbí bá fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n kí ó tó náwó.

Bàbá yìí kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Kò sì lè mọ̀ nígbà náà pé ọmọ náà yóò di olórin tí ayé ń wárí fún. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ òbí ni kì í fẹ́ kí ọmọ wọn súnmọ́ orin rárá, nítorí pé alágbe ni wọ́n ka olórin sí. Síbẹ̀ ó ṣe ìlù náà, ó sì ṣe é bí nǹkan gidi, kì í ṣe bí ohun ìṣeré tí yóò fọ́ kí oṣù tó parí. Ẹ̀rí èyí ni pé ìlù náà pẹ́ ju ilé ìwé ọmọ náà lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti àwọn ìjọ Kristẹni ni wọ́n fi Dáíró sí ní Ọ̀fà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọwọ́ há mọ́ ẹbí náà, agbára wọn kò sì ká owó ilé ìwé mọ́. Ọmọ náà fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì kọjá lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ìlú àwọn baba rẹ̀. Ìlù tí bàbá rẹ̀ ṣe fún un wà lára ẹrù tó gbé dání. A kò sọ èyí láti fojú tín-ín-rín ìwé, nítorí pé ìbànújẹ́ ńlá ni kí ọmọ tó ní làákàyè fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí owó. A sọ ọ́ kí òbí lè mọ̀ pé ohun tó bá ọmọ lára mu kì í tètè já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kódà nígbà tí ayé bá gba ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ tó ń fetí sílẹ̀

Ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, iṣẹ́ irun gígẹ̀ ni Dáíró ń ṣe jẹun. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, a lọ fetí sí àwọn àgbà tó ń ṣe orin jùjú ní agbègbè náà, a sì máa dán ohun tó gbọ́ wò lórí ìlù. Ní ọdún 1942, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdékùnrin, ó wọ ẹgbẹ́ olórin kan tí Táíwò Igese jẹ́ olórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà tú ká lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó kọ́ níbẹ̀ kò bá a tú ká.

Ó yẹ kí a mọ irú orin tí ọmọ yìí ń fetí sí. Orin jùjú kò tíì dàgbà nígbà náà. Èkó ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kà sí aṣáájú rẹ̀ ni Túndé King, ọmọ Sàró tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí wọ́n bí ní ọdún 1910. Ọmọ ilé ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní gìtá, kì í ṣe olùkọ́ kankan. Ní ọdún 1936, ilé iṣẹ́ Parlophone gba orin rẹ̀ sínú àwo, àwo náà sì mú kí orin jùjú dé ibi tí ẹsẹ̀ King fúnra rẹ̀ kò dé.

Gìtá pàápàá, ojú òkun ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn atukọ̀ Kru láti ilẹ̀ Làìbéríà, tí wọ́n ń bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́ láti èbúté dé èbúté, wà lára àwọn tó tan títa gìtá ká etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni wọ́n fi ń ta á, ọ̀nà yìí náà sì ni àwọn olórin jùjú tẹ̀ lé. Kò sí ìwé tí wọ́n kà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ jókòó, ẹni tí kò mọ̀ jókòó tì í, ojú àti etí sì ṣe ìyókù. Bí ọmọ onígbàjámọ̀ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ti kọ́ orin nìyẹn. Nítorí náà, bí òbí bá ti ń ronú gìtá, kí ó máa ronú ẹni tí ọmọ yóò jókòó tì pẹ̀lú.

Aṣọ títà ní Ẹdẹ

Ní ọdún 1948, Dáíró lọ sí ìlú Ẹdẹ. Aṣọ ni ó ń kiri níbẹ̀ fún ọ̀gá kan, ẹsẹ̀ ni ó sì fi ń rìn ín. Òwò yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà, nítorí pé àwọn òṣómàáló, ìyẹn àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ ní àwìn láti ìlú dé ìlú, ti fi ẹsẹ̀ wọn la ọ̀nà púpọ̀. Nígbà tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, ó ń bá ẹgbẹ́ olórin kan ní Ẹdẹ ṣeré.

Ní ọjọ́ kan tí ọ̀gá rẹ̀ rin ìrìn àjò, Dáíró fi ọjà sílẹ̀, ó sì bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣeré níbi ayẹyẹ kan. Ọ̀gá náà dé ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń retí rẹ̀. Inú bí i gidigidi, ó sì lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dànù. A kò lè dá ọ̀gá náà lẹ́bi, nítorí pé iṣẹ́ tí a gba owó rẹ̀ kò ṣeé pa tì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà fi hàn pé ohun tí bàbá rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́ ní ọmọ ọdún méje ti di ohun tí kò ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn èyí, ó ṣe iṣẹ́ agbára káàkiri, ó sì ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ní èyí tí yóò gbé e dé Ìbàdàn. Orin pọ̀ ní Ìbàdàn nígbà náà. Níbẹ̀ ni ó ti wọ ẹgbẹ́ Ojoge Daniel, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olórin jùjú. Kò pẹ́ púpọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó tó padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n ó ti rí bí àgbà ṣe ń darí ẹgbẹ́, bí a ti ń mú kí gìtá àti ìlù sọ ọ̀rọ̀ kan náà, àti bí a ti ń bá àwùjọ lò.

Blue Spots

Kí ọdún 1960 tó dé ni Dáíró ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá ni wọ́n, Morning Star Orchestra ni wọ́n sì ń jẹ́. Nígbà ayẹyẹ òmìnira ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 1960, agbẹjọ́rò kan tó tún jẹ́ olóṣèlú ní Ìbàdàn pè wọ́n wá ṣeré ní àpèjẹ rẹ̀. Àwọn ènìyàn pàtàkì pàtàkì wà níbẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n yí orúkọ wọn padà sí Blue Spots, tí wọ́n sì gba ipò kìíní nínú ìdíje àwọn olórin jùjú tí a fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Ní ọdún 1963, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá.

Kí ni ó mú kí orin rẹ̀ yàtọ̀? Àwọn mìíràn ti mú ohun tuntun wọ inú jùjú ṣáájú rẹ̀. Àyìndé Bákàrè ti so iná mànàmáná mọ́ gìtá rẹ̀ láti ọdún 1949, gángan pẹ̀lú sì ti wọ inú orin náà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Dáíró kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ó ń ta gìtá, ó fi àkọ́díọ́nì kún un, ó jẹ́ kí ìlù wa sọ ọ̀rọ̀ gaara láàrin wọn, ó mú ohùn orin ìjọ Aládùúrà wọ inú rẹ̀, ó sì fi ohùn Ìjẹ̀ṣà kọrin láìtijú.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí ó wọ àwa ará ìdálẹ̀ lọ́kàn. Dáíró kò fi mọ sí èdè Yorùbá nìkan. Ó kọrin ní èdè Ẹdó, ti Urhobo, ti Itsekiri àti ti Hausa. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìdí ojú irin, tó ti gbọ́ ohùn méjì láti kékeré, kò rí èdè ẹlòmíràn bí ọ̀tá. Ẹ̀wẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ orin rẹ̀ tí kò mọ ibi tí ó ti wá. Ó gba àlejò mọ́ra láìsọ ilé nù.

Orin rẹ̀ kì í ṣe ti ìgbádùn nìkan. Nínú àwọn orin rẹ̀ tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Ká Sọ́ra wà, èyí tó kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn nípa ìjọba tí kò ní ọgbọ́n nínú. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1967, ọ̀pọ̀ ènìyàn wẹ̀yìn wò, wọ́n sì sọ pé olórin náà ti rí i tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1969, òun àti Hárúnà Ìṣọ̀lá, àgbà olórin àpàlà, para pọ̀ dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin sílẹ̀, kí àwọn olórin lè jẹ nínú òógùn ara wọn. Ọmọ tí owó ilé ìwé lé kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ti mọ iyì owó.

Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀

Ayé kì í dúró sójú kan. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń lọ, àwọn ọ̀dọ́ tó gba orin jùjú lọ́wọ́ rẹ̀, bí Ebenezer Obey àti Sunny Adé, ti gba ojú ọjà. Gìtá tó ń lo iná mànàmáná pọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́ wọn, àwo Dáíró kò sì tà bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó gbájú mọ́ iṣẹ́ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tí ó jẹ́ aṣáájú nínú rẹ̀, kò sì fi orin sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn aláwọ̀ funfun tún wá a rí, wọ́n sì tún gbé àwo orin rẹ̀ jáde ní òkè òkun.

Ní ọdún 1994, Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pè é kí ó wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní orin Yorùbá. Ó lọ, ó sì kọ́ wọn. Ẹ rò ó wò: ẹni tí owó kò jẹ́ kí ó ka ìwé rẹ̀ jìnnà ní Ọ̀fà di olùkọ́ ní yunifásítì, kì í sì í ṣe ohun tó kà nínú ìwé ni ó lọ kọ́ni, ohun tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlù bàbá rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1996, I. K. Dáíró re ibi àgbà ń rè.

Bí òbí ṣe lè wọn gìtá bí káfíńtà

Òbí tó wà ní Kpata kò ní láti mọ iṣẹ́ igi kí ó tó ṣe bíi ti bàbá Dáíró. Ìwọ̀n ni kí ó kọ́kọ́ wò. Gìtá kì í ṣe aṣọ ilé ìwé tí a ń rán tóbi kí ọmọ lè dàgbà sí i. Bí ó bá tóbi jù, apá ọmọ yóò nà kọjá ààlà, èjìká yóò gbé sókè, ìka kò ní í lè tẹ okùn dé ilẹ̀, ohùn yóò sì máa dún bí ìgbà tí nǹkan há sí i lọ́fun. Ọmọ náà yóò rò pé òun kò ní ẹ̀bùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bùn kọ́ ni kò sí, gìtá ni kò bá a mu. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ gbà pa orin tì.

Oríṣi ìwọ̀n mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀. Èyí tó kéré jù, tí wọ́n ń pè ní ìdá mẹ́rin, gùn tó nǹkan bí 30 íńṣì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ ọdún 4 sí 6 ni ó wà fún. Ìdajì gùn tó nǹkan bí 34 íńṣì, fún ọmọ ọdún 6 sí 8. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gùn tó nǹkan bí 36 íńṣì, fún ọmọ ọdún 8 sí 11. Odindi, tó gùn tó 39 íńṣì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wà fún ọmọ tó ti lé ní ọdún 11. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ọjọ́ orí nìkan, nítorí pé ọmọ ga ju ọmọ lọ. Ẹ mú ọmọ náà dání lọ sí ọjà. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó, kí ó gbé gìtá lé itan. Bí apá ọ̀tún rẹ̀ bá lè gba orí àpótí gìtá kọjá láìgbé èjìká sókè, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ sì dé ìlà irin àkọ́kọ́ lórí ọrùn gìtá láìnà gbọọrọ, ó bá a mu.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, okùn ni kí a wò. Méjì ni okùn gìtá tí kò lo iná: ti wáyà àti ti náílọ́ọ̀nù. Wáyà dún ketekete, ṣùgbọ́n ó le, ó sì máa ń gé awọ ìka ọmọdé. Náílọ́ọ̀nù rọ̀ ju wáyà lọ. Òun ni ó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ìkìlọ̀ kan nìyí o: a kì í fi okùn wáyà sí gìtá tí a ṣe fún náílọ́ọ̀nù, nítorí pé agbára tí wáyà fi ń fà pọ̀, ó sì lè fa pákó tí a so okùn mọ́ ya kúrò lára àpótí.

Ẹ tún wo àlàfo tó wà láàrin okùn àti ọrùn gìtá. Níbi ìlà irin kejìlá, tí í sábà jẹ́ ibi tí ọrùn ti wọ àpótí lára gìtá náílọ́ọ̀nù, kò yẹ kí ó ju nǹkan bíi mìlímítà 4 lọ. Bí ó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìka ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹ gbé gìtá sókè kí ẹ fi ojú kan wo ọrùn rẹ̀ láti òkè, bí káfíńtà ti ń wo pákó, kí ẹ rí i pé kò tẹ̀, kò sì lọ́. Ẹ fi ìka yẹ etí àwọn ìlà irin wò, kí wọ́n má ṣe máa ya ni lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fa okùn le dé ohùn rẹ̀, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tún gbọ́ ọ. Gìtá tí ohùn rẹ̀ ti já kí ẹ tó sanwó kò ní í dúró nílé.

Ìlú tí oòrùn rẹ̀ mú bíi Lọ́kọ́jà, tí ọyẹ́ sì ń fẹ́ dé, kò rọrùn fún igi. Igi tinrin tí kì í ṣe alápapọ̀ máa ń sán nígbà ọyẹ́. Fún ọmọdé, gìtá tí a fi pákó alápapọ̀ ṣe lè fara dà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Kí a má ṣe fi í sínú oòrùn tàbí sínú ọkọ̀ tí a ti pa. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó tuntun lè ra àlòkù tó dára, bí ó bá ti yẹ ọrùn, okùn àti àpótí rẹ̀ wò bí a ti sọ. Gìtá kékeré kan tó bá ọmọ mu sàn ju ńlá aláràbarà tí yóò máa kó eruku lára ògiri lọ.

Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ni ó kù. Bí olùkọ́ kò bá sí nítòsí, àwọn tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi àríyá kò ṣòro láti rí. Àmọ́, kí òbí má ṣe fi gbogbo rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọmọ tó ń dàgbà ní Kpata ń gbọ́ èdè Ọ̀wọ́rọ̀, ti Nupe, ti Ẹbira, ti Igala àti ti Hausa lójoojúmọ́, ìyẹn sì dára. Orin Yorùbá, bí kò bá gbọ́ ọ nílé, ibo ni yóò ti gbọ́ ọ? Ẹ jẹ́ kí orin àkọ́kọ́ tí yóò ta lórí gìtá náà jẹ́ èyí tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ mọ̀, tí wọ́n sì lè bá a gbé. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bàbá kan ní Ọ̀fà ti ṣe ìwọ̀nba tí agbára rẹ̀ ká fún ọmọ ọdún méje, ọmọ náà sì ṣe ìyókù.